Ọmọ Tí Alábẹ́rẹ́ Fà Rẹ́

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó ń ka àtẹ̀gùn bó ṣe ń gùn ún, tó ń ka àga inú yàrá kó tó jókòó, tó sì ń ka ẹran inú àwo rẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án, ẹ má bú u. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ tó ń ṣe ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Alábẹ́rẹ́ ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pe ọkùnrin tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, kì í sì í ṣe abẹ́rẹ́ ìránṣọ, kì í ṣe ti dókítà. Abẹ́rẹ́ olórí róbótó ni, irú èyí tí wọ́n fi ń gún bébà mọ́ ara pátákó. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló fi gún un.

Ilé tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ilé ẹlòmíràn. Òórùn gọ́ọ̀mù àti eruku ló máa ń wà níbẹ̀. Tábìlì gígùn kan wà láàárín yàrá náà, máàpù tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀dì wà lórí tábìlì, ìwé ìkànìyàn sì kún orí pẹpẹ láti ilẹ̀ dé àjà. Ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n máa ń ka àwọn èèyàn ilẹ̀ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni wọ́n ti kà wọ́n, ṣùgbọ́n ìwé mẹ́fà àkọ́kọ́ nìkan ló wà ní ṣíṣí, torí èyí tí kò bá tíì pé àádọ́ta ọdún, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wò ó.

Iṣẹ́ Alábẹ́rẹ́ ni pé kó mú orúkọ ìdílé kan, kó wá a nínú ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kó sì máa gún abẹ́rẹ́ kan sórí máàpù níbikíbi tó bá ti rí ilé tó ń jẹ́ orúkọ náà. Ìkànìyàn kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Tó bá gún un tán, á tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, á fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan lójú bébà, á wá yọ abẹ́rẹ́ kúrò. Bí èèyàn bá to bébà mẹ́fà orúkọ kan léra wọn, á rí bí orúkọ náà ṣe ń rìn. Òmíràn ń tẹ̀lé odò lọ. Òmíràn wà ní àdúgbò kan fún àádọ́ta ọdún, kò sún síwájú, kò sún sẹ́yìn. Òmíràn sì wà tí wọn á rí nílùú kan lónìí, tí ìkànìyàn mìíràn á dé, tí kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Orúkọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ó ti gbẹ.

Òfin kan wà ní yàrá náà tí Alábẹ́rẹ́ fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Èèyàn ẹlẹ́ran-ara ni àwọn tó ń kànìyàn láyé àtijọ́. Oòrùn á mú wọn, ẹsẹ̀ á ro wọ́n, àwọn ọ̀lẹ inú wọn á wá jókòó sábẹ́ igi, wọ́n á da ìwé ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn kọ. Nítorí náà, bí wọ́n bá rí ẹnì kan náà, orúkọ kan náà, ọjọ́ orí kan náà, nínú ìkànìyàn méjì, àdàkọ ni. Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n á fi sílẹ̀, wọ́n á fi pẹ́ẹ̀nì pupa fa ìyókù rẹ́. Ohun tí wọ́n bá sì ti fi pupa fà kì í padà mọ́. Alábẹ́rẹ́ á ní, "Ẹnikẹ́ni ò lè pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀mejì."

Ìyàwó rẹ̀, kó tó di olóògbé, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òun bá kú, ó máa kọ́kọ́ wò ó bóyá òun kò tíì kú tẹ́lẹ̀. Obìnrin náà mọ ẹ̀rín í pa, ó sì mọ ọ̀rọ̀ í fi pamọ́. Ọdún méjì ti kọjá tó lọ. Ẹni tó kù nínú ilé pẹ̀lú bàbá náà ni ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ tó fẹ́ pé mẹ́sàn-án, tí wọ́n ń pè ní Aláròyé nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Bàbá àti ìyá Aláròyé wà lókè òkun níbi tí iṣẹ́ gbé wọn lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń wálé. Ọmọ yẹn ni ayé Alábẹ́rẹ́. Òun ló ń jí i, òun ló ń bá a jà nítorí iyọ̀ ọbẹ̀, òun ló ń bi í ní ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn.

Ó ku oṣù mẹ́ta kí Alábẹ́rẹ́ fẹ̀yìn tì ni ọ̀gá rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó bọ̀wọ̀ fágbà, sọ fún un pé wọ́n fẹ́ tẹ gbogbo máàpù náà ní ìwé.

"Bàbá, orúkọ kan ṣoṣo ló kù. Tiyín ni."

Òótọ́ ni. Ó ti gún orúkọ gbogbo ayé, kò tíì gún tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Nínú ìkànìyàn àkọ́kọ́, ilé kan ṣoṣo ló ń jẹ́ orúkọ náà, nílùú kan létí òkun. Nínú ìkejì, ó di ilé mẹ́ta. Nínú ìkẹta, ilé mọ́kànlá, nílùú mẹ́rin. Alábẹ́rẹ́ ń gún un, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìgbà tó dé ìkẹrin ni ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Ilé mẹ́rin ti gbẹ, ó ku méje. Nínú ìkarùn-ún, ó ku mẹ́ta. Nínú ìkẹfà, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló dá dúró lórí máàpù, ó sì mọ ibẹ̀. Ilé bàbá rẹ̀ ni. Ó rí orúkọ bàbá rẹ̀, ó rí ti ìyá rẹ̀, ó rí tirẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n tún kọ ẹnì kan: ọmọbìnrin, àlejò, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Alábẹ́rẹ́ yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Àlejò kankan kò sì gbé ọ̀dọ̀ wọn lọ́dún náà.

Ó padà sí ìkarùn-ún. Ọmọbìnrin náà wà níbẹ̀, orúkọ kan náà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó wà nínú ìkẹrin, ní ilé mẹ́ta, nílùú mẹ́ta tó jìnnà síra wọn. Ó wà nínú ìkẹta, ní ilé méje, ó sì wà nínú ìkejì, ní ilé méjì. Ní gbogbo ibi tó bá wà, ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí. Nínú ìkànìyàn àkọ́kọ́ nìkan ló ti jẹ́ ọmọ inú ilé, tí wọ́n kọ ọ́ sáàárín àwọn ọmọ ìyá rẹ̀.

Àdàkọ ni, ó wí fún ara rẹ̀. Èèyàn mìíràn ìbá kọ́kọ́ ronú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti mọ́ lára fún ọdún mẹ́tàdínlógójì kì í dúró de ọkàn. Ó ṣí pẹ́ẹ̀nì pupa, ó fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ bí òfin ṣe wí, ó fa mẹ́rìnlá tó kù rẹ́. Ó fọwọ́ sí i, ọ̀gá rẹ̀ náà fọwọ́ sí i, wọ́n kó ìwé náà lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ náà, ó kà á, ó jẹ́ mọ́kànlélógún. Méjìlélógún ni àtẹ̀gùn náà láti ọjọ́ tó ti dé ibẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, tíṣà Aláròyé kọ ìwé sílé pé kí ló dé tí ọmọ náà kò wá sílé-ìwé láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Mo wà níbẹ̀!" Aláròyé fẹ́ẹ̀ sunkún. "Iwájú tíṣà gan-an ni mò ń jókòó. Wọ́n á pe orúkọ, wọ́n á fo tèmi. Mo ní 'mo wà níbí, mà', wọn ò dá mi lóhùn."

Alábẹ́rẹ́ rò pé àṣìṣe lásán ni, ẹni tó bá mọ àṣìṣe ju òun lọ kó bọ́ síta. Ó lọ bá tíṣà. Tíṣà bẹ̀ ẹ́ gan-an, ó ṣí réjísítà láti fi hàn án. Nọ́ńbà wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá sẹ́yìn, orúkọ Aláròyé wà ní ìlà kejìdínlógún. Ní ojú ewé ọ̀sẹ̀ náà, ìlà kẹtàdínlógún wà, ìkọkàndínlógún wà.

"Bàbá, ẹ má bínú," tíṣà wí. "Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí."

Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n gbé fọ́tò kíláàsì wálé. Aláròyé sọ ibi tí òun dúró sí, ó fọwọ́ tọ́ka sí i. Àyè kan wà níbẹ̀ láàárín ọmọbìnrin méjì, ó fẹ̀ tó ọmọ kan. Ọ̀kan nínú wọn gbé apá lé èjìká ẹnì kan, èjìká náà ni kò sí. Apá náà kàn wà lófuurufú, ọmọ náà sì ń rẹ́rìn-ín. Alábẹ́rẹ́ fi fọ́tò náà sí abẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ̀rù ti ń bà á báyìí.

Lọ́jọ́ kẹta ọjọ́ náà, ó mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ onídìrí ní ìkángun àdúgbò. Aláròyé jókòó sórí àpótí, ó tú irun sílẹ̀, ó ń dúró. Onídìrí dìrun ẹni tó wà níwájú rẹ̀ tán, ó gbọn aṣọ, ó pe ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá yíjú sí Alábẹ́rẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Bàbá, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ìgbà wo ni ọmọ yín padà lọ bá àwọn òbí ẹ̀? Ilé á mà dá o."

Aláròyé dìde lórí àpótí, ó lọ di ọwọ́ bàbá rẹ̀ àgbà mú.

Gbogbo ìyẹn, ó ṣì lè fara dà á. Èyí tó já a láyà ni ti ọ̀sán ọjọ́ kan tó lọ mú un nílé-ìwé. Ó dúró lẹ́nu géètì, àwọn ọmọ ń jáde, ó ń kà wọ́n bí ìṣe rẹ̀. Gbogbo wọn tán. Aṣọ́nà ti ń ti ilẹ̀kùn. Ó wọlé, ó wá ọmọ ká gbogbo kíláàsì, ó pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìgbà tó jáde, ọwọ́ kékeré kan di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá Àgbà, ẹ ti kọjá lára mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ wò mí lójú, ẹ sì tún wo ibòmíràn."

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, ó gbá a mọ́ra, ó sì sunkún níwájú aṣọ́nà láìtijú.

Nínú gbogbo ẹbí, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù tó dàgbà jù ú lọ. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ni, ó ti ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún, awò ojú rẹ̀ sì nípọn débi pé Olójú-Mẹ́rin ni àwọn ọmọdé àdúgbò rẹ̀ ń pè é. Alábẹ́rẹ́ mú Aláròyé lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá náà kò ríran rí ọmọ, ṣùgbọ́n ó nawọ́, ó fọwọ́ pa á lórí, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní kí ọmọ lọ bá òun bomi síta fún àwọn adìyẹ. Ó dúró títí ẹsẹ̀ ọmọ fi jáde.

"Kí lo ṣe? Orí ọmọ yìí fúyẹ́. Ṣé o fà á rẹ́ ni?"

"Ta ni mo fà rẹ́, Ìyá?"

"Má bi mí. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n kọ, ìwọ lo mọ̀ ọ́n kà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn."

Alábẹ́rẹ́ sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá náà gbọ́ ọ tán, ó mirí. Ó ní ìyá-ọkọ ìyá òun ni wọ́n kọ́kọ́ kà, létí òkun lọ́hùn-ún. Wọ́n ka gbogbo ọmọ rẹ̀, wọ́n kọ wọ́n sílẹ̀. Ọjọ́ kẹta, omi gbé ọ̀kan lọ, ọmọbìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọkùnrin tó ń kànìyàn padà wá láti yẹ ìwé rẹ̀ wò, ó gbọ́ pé ọmọ ti kú, ó fẹ́ fà á rẹ́.

"Obìnrin yẹn di ọwọ́ ẹ̀ mú. Ó ní, 'O ò ní fi kálàmù pa ọmọ mi lẹ́ẹ̀kejì.' Ọkùnrin náà fi í sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kà á. Ìyá-ọkọ ló ń sọ fún ìyàwó ilé: bí àwọn tó ń kànìyàn bá dé, kà á mọ́ àwọn ọmọ ẹ. Inú ilé tí wọ́n bá ti kà á, ó máa ń di àyè mú fún àwọn yòókù. Ilé tí wọn ò bá kà á..."

Kò parí rẹ̀. Kò sí ìdí tó fi máa parí rẹ̀, torí Alábẹ́rẹ́ ti rí ìparí rẹ̀ lórí máàpù. Ilé mọ́kànlá, méje kọ ọ́: ó ku méje. Ilé méje, mẹ́ta kọ ọ́: ó ku mẹ́ta. Ilé mẹ́ta, ọ̀kan kọ ọ́. Ó ti rò pé àwọn èèyàn ṣí lọ ni. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ "ó gbẹ" sí ẹ̀gbẹ́ bébà.

"Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi? Ìkànìyàn tó kọjá, ta ló dáhùn nílé mi?"

"Ìyàwó ẹ ni. Ìwọ wà níbi iṣẹ́, ò ń ka àwọn ará àtijọ́. Èmi ni mo sì ní kó má sọ fún ẹ. Ìwọ tó ò lè rí àbàwọ́n lára ògiri kó o má tún un ṣe! Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìwọ ò kà á fún un lásán, o tún yọ ọ́ kúrò."

Alábẹ́rẹ́ dọ̀bálẹ̀. Kò mọ nǹkan mìíràn tó lè ṣe.

"Dìde," ìyá náà wí. "Sátidé yìí ni wọ́n ń bọ̀ wá kànìyàn. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu ọ̀nà ẹ."

Kó tó di Sátidé, ó lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀ kí wọ́n dá ìlà mẹ́rìnlá yẹn padà. Ọ̀gá wò ó tìyanu-tìyanu, ó ní ìwé ti wà lórí ẹ̀rọ. Ó tún fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ohun tí a bá fi pupa fà kì í padà." Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Oṣù tó ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n ti pe Alábẹ́rẹ́ kó wá kọ́ àwọn tó máa kànìyàn níṣẹ́, ó sì dúró níwájú ọgọ́rùn-ún ọ̀dọ́, ó na ìka sókè, ó ní, "Ẹ má kọ ẹni tí ẹ ò bá fojú rí."

Sátidé pé. Nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló wọlé pẹ̀lú pátákó ìkọ̀wé lábíyá. Ó mọ Alábẹ́rẹ́, inú rẹ̀ sì dùn láti rí i. Ó kúnlẹ̀, ó kí i, ó jókòó, ó fi pẹ́ńsù kan àhọ́n.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú ilé yìí?"

Aláròyé wà lórí àga tó kàn án. Ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, ó ń ju ẹsẹ̀. Ojú ọ̀dọ́mọbìnrin náà rìn lórí àga náà bí ojú ṣe ń rìn lórí àga tó ṣófo.

Alábẹ́rẹ́ kò purọ́ sínú ìwé rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

"A jẹ́ mẹ́ta."

"Háà. Àwọn méjì tó kù ńkọ́?"

"Ọmọ ọmọ mi rèé. Èkejì... èkejì jẹ́ àlejò. Ọmọbìnrin. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án."

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà wo àga, ó wo bàbá, àánú sì hàn lójú rẹ̀. Ó mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó gbé pẹ́ńsù sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ ní ká má kọ ẹni tá ò bá fojú rí."

Alábẹ́rẹ́ yíjú sí àga náà. Sálúbàtà kékeré méjì ló rí nílẹ̀. Lórí àga, kò rí ẹnì kan. Ó wò ó, ó wò ó, omi bo ojú rẹ̀.

"Ẹ bá mi kọ ọ́," ó wí. "Mo bẹ̀ yín, ọmọ mi, mo ṣàṣìṣe. Ẹ bá mi kọ àwọn méjèèjì. Kì í ṣe àdàkọ. Ọmọ wa ni. Kò sígbà tí kì í ṣe ọmọ wa."

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà mí kanlẹ̀. Bóyá láti tu bàbá àgbàlagbà nínú ni, ó tún mú pẹ́ńsù.

"Ó dáa, Bàbá. Kí lorúkọ àlejò náà?"

Ìyẹn ni kò lè jáde lẹ́nu Alábẹ́rẹ́. Ó mọ̀ ọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá ló fi pẹ́ẹ̀nì gba orí rẹ̀ kọjá. Kò pè é síta rí. Olójú-Mẹ́rin náà kò pè é.

Ohùn Aláròyé ló pè é. Ó pe orúkọ náà geere, orúkọ àti orúkọ ìdílé, bí ọmọ iléèwé ṣe ń pe ti ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ta gìrì, pẹ́ńsù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Yéè! Ọmọ yìí, níbo lo gbà wọlé?"

"Mo ti wà níbí látàárọ̀, mà. Ẹ ò kí mi."

Alábẹ́rẹ́ di ọwọ́ ọmọ náà mú. Ó gbóná, ó wúwo, aṣọ aláwọ̀ ewé náà sì wà lára rẹ̀. "Ta ló sọ orúkọ yẹn fún ẹ?" ó bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Òun ni. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ yín, kẹ́ ẹ má fi pupa fa òun mọ́. Ó ní ó máa ń dun òun."

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ti mú pẹ́ńsù rẹ̀ nílẹ̀. Ó ń kọ̀wé, ó sì ń gbójú sókè wo ẹ̀yìn bàbá náà, síbi ọ̀nà tó lọ sí yàrá, ó ń rẹ́rìn-ín bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ tójú ń tì.

"Kí ló dé tí èyí ò fẹ́ wọlé wá kí mi?"

"Ó ń wọ bàtà," Aláròyé dáhùn.

Alábẹ́rẹ́ kò bojú wẹ̀yìn. Ó gbọ́ nǹkan kan tó rọra gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí ìgbà tí èèyàn bá ń ki gìgísẹ̀ bọ bàtà, òórùn omi iyọ̀ sì fẹ́ kọjá ní yàrá náà. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wọlé kí ẹni tó bá fẹ́ kọjá ráàyè.

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà kọ ọ́ tán, ó dágbére, ó mú ẹfun, ó kọ iye àwọn tó wà nínú ilé sára ilẹ̀kùn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ìgbà tó lọ tán, Alábẹ́rẹ́ jáde. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó dúró níwájú ilẹ̀kùn náà, ó wo ẹẹ́ta tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ń wá àṣìṣe. Kò rí ìkankan.